"Kò Wúwo" Ni Wọ́n Ń Wí

Gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ bá jà lónìí. Kì í ṣe ènìyàn o, gbólóhùn ni. Kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: "Kò wúwo." Ẹni tó bá ń ta ilé àfàkẹ́yìn àlòkù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò ti sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tán. Ẹ ò tíì bèèrè iye rẹ̀, ẹ ò tíì fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, á ní, "Kò wúwo rárá, ọkọ̀ kékeré èyíkéyìí ló lè fà á." Bí ẹ bá sì wo ojú rẹ̀, ẹ ó rí i pé òun náà gbà á gbọ́. Ibi tó ti burú gan-an nìyẹn. Òpùrọ́ tó mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa, ojú rẹ̀ lè tú u fó. Ẹni tó gba irọ́ ara rẹ̀ gbọ́ ńkọ́? Báwo lẹ ṣe fẹ́ mú un?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí mò ń wí, nítorí bí mo bá pè é ní tírélà, ọkàn ẹni tó wà n'Ìbàdàn yóò lọ sọ́dọ̀ àgbákò ọkọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì, tó ń dábùú ọ̀nà Èkó. Kì í ṣe ìyẹn. Èyí kéré. Ó sábà máa ń fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4 tàbí 5, ó sì máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 tàbí 10. Iwájú rẹ̀ rí roboto, ẹ̀yìn rẹ̀ wá ń rẹ̀lẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀kán omijé tí ẹnì kan dà dúbúlẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn Òyìnbó fi ń pè é ní teardrop. Ibùsùn ẹni méjì ló wà nínú rẹ̀, ó tán. Ẹ ò lè nàró nínú rẹ̀. Ilé ìdáná wà ní ìdí rẹ̀ lóde. Ẹ ó gbé ìdérí ẹ̀yìn sókè bí ìgbà tí ẹ ṣí búùtù mọ́tò, ẹ ó sì rí sítóòfù àti àpótí ìkó-nǹkan-sí. Ìta gbangba lẹ ó dúró sí, ẹ ó máa dáná.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1939. Ọ̀pọ̀ ló ń kàn án fúnra wọn nípa ìlànà tí wọ́n rí nínú ìwé ìròyìn olóṣooṣù, nítorí páìwúdù kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ó sì gùn ní 8, kò sí wàhálà gígé púpọ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ń fi páànù alumíníọ̀mù bò ó. Nígbà tó di bí ọdún 1960 lọ sókè, àwọn ilé àfàkẹ́yìn ńláńlá lé e kúrò lójú ọ̀nà, kó tó tún padà wọ̀lú ní bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ó ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà báyìí, wọ́n sì ń kàn án níbẹ̀.

Àwọn ará wa ní London máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tó nílé, tó ní bẹ́ẹ̀dì, tó wá lọ ń sùn nínú pósí!" Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti bèèrè iye tí òtẹ́ẹ̀lì etí òkun ń gbà lóru kan nínú oṣù August, nígbà tí àwọn ọmọ kò lọ síléèwé? Ìyàwó mi ti gbìyànjú àgọ́ aláṣọ lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ mẹ́ta ni ìbàdí rẹ̀ fi bá a wí. Àti pé, kí la ń pè ní ahéré? Bàbá tó bí bàbá mi a máa lo oṣù kan nínú ahéré oko, bẹ́ẹ̀ ó ní ilé onípáànù nílé. Ta ló sọ fún un pé inú pósí ló ń sùn? Ẹ fi àwa aláhéré sílẹ̀ jàre.

Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ọ̀tá nǹkan yìí ni mí. Mo ra ọ̀kan. Pọ́n-ùn 2,400 ni mo san, iwájú ilé ẹni tó tà á fún mi la ti ná an. Ọkùnrin náà lọ́yàyà, ó fún wa ní tíì. Mo bèèrè bó ti wúwo tó, ó ní kílò 350. Mo ní kó jẹ́ kí n rí i nínú ìwé, ó ní ẹni tó kàn án ti kógbá wọlé, kò sí ìwé, àwo irin tí wọ́n ń tẹ ìwọ̀n sí náà ti já bọ́. Mo ní mi ò rí bíréèkì lára rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òfin sọ pé ohunkóhun tí kò bá tó kílò 750 kò nílò bíréèkì tirẹ̀, bíréèkì ọkọ̀ tó ń fà á ti tó. Mo kàwé díẹ̀, iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo sì ń jẹ, mo ti gbọ́ nípa 750 yẹn rí. Bí mo ṣe gbọ́ ohun tí mo mọ̀ lẹ́nu rẹ̀, mo gba ìyókù gbọ́. Ẹ ò rí i pé irọ́ tó dára jù lọ ni èyí tí wọ́n bá fi òótọ́ kan ṣe ìdérí rẹ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ rèé. Òfin Gẹ̀ẹ́sì kò dúró ní 750. Ó ní bí tírélà kò bá ní bíréèkì, òun àti ẹrù inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìlàjì ìwọ̀n ọkọ̀ tó ń fà á lọ, kò sì gbọdọ̀ ju 750 kílò lọ. Èyí tó bá kéré nínú méjèèjì lẹ ó tẹ̀ lé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bí ọkọ̀ yín bá wọn kílò 1,500, ẹ lè sọ̀rọ̀ 750. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ kékeré tó wọn 1,000, 500 ni tiyín, ó parí. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà tún lè sọ pé òun ò fara mọ́ tó bẹ́ẹ̀, kó kọ iye tó dín sí i sínú ìwé ọkọ̀, tirẹ̀ náà lẹ ó sì gbọ́. Àwọn ọkọ̀ kan tilẹ̀ wà tí ẹni tó ṣe wọ́n kò fọwọ́ sí i kí wọ́n fa ohunkóhun rárá. Àwo irin kékeré kan wà lára ọkọ̀, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, tí wọ́n kọ àwọn ìwọ̀n sí. Ó yẹ kí iye kan wà níbẹ̀ fún ọkọ̀ àti ohun tó ń fà papọ̀. Bí kò bá sí, ọkọ̀ yín kì í ṣe ọkọ̀ ìfanǹkan, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ fi irin síbẹ̀ fún yín.

Ní ọjọ́ 16 oṣù December 2021, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tú òfin ìwé àṣẹ ìwakọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ní ìwé àṣẹ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè fa tírélà tó tó 3,500 kílò láìṣe ìdánwò mìíràn. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń fi ìwé àṣẹ dáhùn ìbéèrè tí a fi bi ọkọ̀. "Láísẹ́ǹsì mi gbà á." Ẹ̀yin ni láísẹ́ǹsì yín gbà láàyè. Kò bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀, kò bá bíréèkì sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú títì M2 ní Kent. Ọjọ́ Ẹtì ni, à ń lọ sí Margate. Ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àbígbẹ̀yìn wa wà lẹ́yìn, ó ń sùn. A ti kó ẹrù bí Yorùbá ṣe ń kó ẹrù: kúlà ìrẹsì, kúlà ọtí ẹlẹ́rìndòdò, iṣu méjì, gàrí, ike omi, ìkòkò ńlá, gbogbo rẹ̀ wà ní ilé ìdáná ìdí rẹ̀ lẹ́yìn, nítorí ibẹ̀ ni àpótí wà. Bátìrì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mò ń sáré bí 55 máìlì ní wákàtí kan, òfin sì gba 60 fún ẹni tó ń fa tírélà lójú irú ọ̀nà yẹn, ẹ ò lè sọ pé mò ń sáré àsápajúdé. A dé ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, bọ́ọ̀sì gbọ̀ọ̀rọ̀ kan sì yá wa sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kàn wá gbì.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ni ìdí ọkọ̀ mi, bí ìgbà tí ẹnì kan fi ìdodo gbún un. Ó lọ sápá òsì, ó padà sápá ọ̀tún. Ìkejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo wo dígí, mo rí ilé aláwọ̀ ewé mi lápá ọ̀tún. Ìgbà tí mo tún wò, ó ti wà lápá òsì. Sítíárìn kò wúwo mọ́ lọ́wọ́ mi, ó fẹ́rẹ̀ bí ìgbà tí taya iwájú kò fi ara kanlẹ̀ dáadáa. Ìyàwó mi pariwo Jésù. Ẹsẹ̀ mi ti ń lọ sí bíréèkì, kí n má purọ́, kì í ṣe ọgbọ́n ni kò jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́, ìjáyà ló mú ẹsẹ̀ mi gan. Ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́ọ̀tù, ọwọ́ mi méjèèjì di sítíárìn mú gbọnin, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó ti ń rọlẹ̀ ni jíjù náà ń dín kù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ló wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣe gan-an nìyẹn, pé bí mo bá tẹ bíréèkì lójijì ni, ó ṣeé ṣe kí ilé náà gba iwájú mọ́ wa lọ́wọ́. Ọmọ wa kò tilẹ̀ jí. Nígbà tí a dúró ní ibi ìsinmi, ìyàwó mi sọ̀kalẹ̀, ó lọ jókòó lórí koríko, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí.

Kí ló fà á? Ìwọ̀n ni, ó sì tún ju ìwọ̀n lọ. Ilé àfàkẹ́yìn dà bí igi tí a fi ẹsẹ̀ méjì gbé láàárín, tí iwájú rẹ̀ jókòó lórí ìdí ọkọ̀. Ó yẹ kí iwájú yẹn tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n ní kó jẹ́ bíi 5 sí 7 nínú 100 ìwọ̀n tírélà. Ní Amẹ́ríkà 10 sí 15 ni wọ́n ń wí. Bí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́, ìdí á máa ju bí ìrù ẹja. Ẹ wá wo ibi tí ilé ìdáná teardrop wà: ìdí pátápátá! Bí wọ́n ṣe kàn án gan-an ló ń ti ènìyàn sí àṣìṣe. Ẹni tó tà á fún mi ti ń lò ó fún ọdún mẹ́rin, kò mẹ́nu bà á. Ó kàn ṣí ìdérí ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ wo bí àyè ti pọ̀ tó níbí!"

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo fà á lọ sí ìwọ̀n ńlá tí ọkọ̀ ń gùn, irú èyí tó wà ní ibi tí wọ́n ti ń ra irin àlòkù. Owó díẹ̀ ni wọ́n gbà. Mo kó gbogbo ẹrù kúrò kí n tó lọ. Òfìfo rẹ̀, láìsí iṣu, láìsí omi, láìsí ìkòkò, 520 kílò ni. Kì í ṣe 350. Ọkọ̀ mi wọn 1,010. Ìlàjì rẹ̀ jẹ́ 505. Nígbà tí mo wá ṣí ìwé ọkọ̀ mi tí mi ò ṣí láti ọjọ́ tí mo ti rà á, ẹni tó ṣe é kọ 450 síbẹ̀ fún ohun tí kò ní bíréèkì. Ìyẹn ni pé fún oṣù mẹ́fà, òfìfo rẹ̀ pàápàá, ojoojúmọ́ tí mo bá fà á ni mo ń rú òfin, tí mo sì ń ki ọlọ́pàá káàárọ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé mo ti ń sọ ọ́ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó fi ọkọ̀ kékeré fa nǹkan rí. Wọ́n ní ní ayé ìjọ́un, Morris Minor ló ń fa ilé àfàkẹ́yìn kiri ilẹ̀ yìí, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ti ń sáré tó. Ọdún 1958 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí òpópónà motorway àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń wọ́ lọ lójú ọ̀nà abúlé, tí ọkọ̀ mìíràn kò yára yá a sílẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ ní àyè láti tún ara rẹ̀ ṣe. Bọ́ọ̀sì gbọ̀ọ̀rọ̀ kò fẹ́ ẹ gbì. Ọkọ̀ kékeré lè fa ilé kékeré, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, àwọn teardrop kan wà tí kò tó 400 kílò lóòótọ́, àwọn mìíràn sì ní bíréèkì tiwọn. Ohun tí mò ń bá jà ni kí ẹnì kan fi ẹnu wọn nǹkan tí ìwọ̀n wà fún.

Ẹ̀bi àwa tí à ń rà á náà ńkọ́? Ó pọ̀. A fẹ́ràn kí wọ́n tàn wá bí irọ́ náà bá ti dín owó kù. Ọmọ wa kan tó ń ṣe mẹkáníìkì nínú gáréèjì ló fi towbar sí ọkọ̀ mi, irin tó yọ lára ọkọ̀ mìíràn. Mo bi í bóyá ó ní àmì ìfọwọ́sí, nítorí òfin ní ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ lò láti August 1, 1998 kò gbọdọ̀ lo èyí tí wọn kò fọwọ́ sí fún un. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ ti ń ṣe bí Òyìnbó. Ọlọ́run á ṣọ́ wa." Mo ṣe àmín. Mo ṣe àmín sí bóòtù! Bẹ́ẹ̀, bí a bá ń gba ọmọ lọ́wọ́ dókítà, ẹ ó gbọ́ bí a ti ń bèèrè ìwọ̀n rẹ̀, títí dé eyín rẹ̀.

Bí ẹ bá sì máa rà á, ẹ mú ìwọ̀n lọ́kùn-únkúndùn, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á jẹ́ kí ẹ gbé e gun ìwọ̀n kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bó bá kọ̀, ẹ máa lọ sílé. Ẹ wo táyà, ẹ má wo jíjinlẹ̀ ojú rẹ̀ nìkan, nítorí ohun tó ń jókòó ju bó ti ń rìn lọ, táyà rẹ̀ kì í jẹ, ó ń gbó ni. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2311, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é. Tèmi jẹ́ ọmọ ọdún 12, ó sì ń dán bí bàtà ìgbéyàwó. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ pákó inú rẹ̀ ní igun, lábẹ́ fèrèsé àti níbi tí òrùlé ti pàdé ògiri. Alumíníọ̀mù ìta lè máa kọ mànà nígbà tí páìwúdù abẹ́ rẹ̀ ti di fùfú. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹni tó ń tà á tó fín lọ́fínńdà. Bí ẹ bá ti fà á dé ilé, ẹ fọwọ́ kan àárín àgbá rẹ̀. Bó bá gbóná ju èkejì lọ, bẹ́ríìnì ti fẹ́ kú. Kò sí ìwé ìní ìjọba fún tírélà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi ti ọkọ̀, nítorí náà ẹ gba rìsíìtì, ẹ sì ra á nílé ẹni tó ń tà á, kì í ṣe ní ibi ìgbọ́kọ̀sí òru. Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, bí òjò bá ń rọ̀, ẹ má gbé sítóòfù wọ inú rẹ̀ nítorí ebi. Inú kékeré bẹ́ẹ̀, èéfín tí kò ní òórùn lè pa ènìyàn níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mo ti ta tèmi. Ẹni tó rà á ní ọkọ̀ gbàǹgbà, mo kọ 520 sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ti wá. Ọkọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ kéré ju tèmi lọ. Ó kó owó wá lódidi. Mo ní mi ò ní tà á fún un, mo fi ìwé ìwọ̀n hàn án, mo sọ ọ̀rọ̀ M2. Ó gbọ́, ó dákẹ́, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ kẹ́ ẹ máa jayé ni?" Látìgbà náà, bí a bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kí mi tìbínú-tìbínú.

Ó ti rí òmíràn rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún ìyàwó mi, pé Wales ni wọ́n ń lọ, òun àti àwọn ọmọ méjèèjì, níbi tí ọ̀nà ti ń gun òkè tó sì ń sọ̀kalẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ láago lálẹ́ Sátidé. Mo ní, "Àbúrò, má bínú sí mi, ìbéèrè kan péré ni. Kílò mélòó ni?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò wúwo."